Ṣé Ọ̀nà Yín Já?

Lóṣù tó kọjá, mo bẹ ẹ̀yin òǹkàwé mi pé kí ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé yín, kí ẹ wo ilé tó kọ ẹ̀yìn sí tiyín, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà yín dé ẹnu ọ̀nà tiwọn, kí ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà yín ránṣẹ́ sí mi. N kò rò pé lẹ́tà yóò pọ̀ tó báyìí. Fún ẹni tí kò bá tíì mọ̀ mí, ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ètò ìlú ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì. Nínú gbogbo ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Àwọn lẹ́tà tí àyè gbà nìyí.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ̀mí. Olùkọ́ ni mí, Akóbọ̀ ni mò ń gbé. Ẹ̀yìn ilé mi gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà. Bí mo bá ń dáná, mò ń gbọ́ aago wọn. Mo ṣe ohun tí ẹ ní ká ṣe: ìṣẹ́jú 27 ni mo fi rìn débẹ̀. Lọ́jọ́ òjò, ọ̀kadà méjì ni mo ń wọ̀. Ta ló ṣe irú èyí sí wa? Olùkọ́, Akóbọ̀.*

Olùkọ́ wa, ẹ kú ìrìn o. Kò sẹ́ni tó dìídì fẹ́ fìyà jẹ yín. Bí ilẹ̀ ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀ sọ́wọ́ onílé ló fà á, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe ń lọ.

Oko ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, pèrègún ló sì wà lójú ààlà. Ọ̀nà oko la gbogbo rẹ̀ já: bí o bá ń lọ sí oko tìrẹ, inú oko ẹlòmíràn lo máa gbà kọjá, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé kí lò ń wá. Nígbà tí ìlú wá sún mọ́ wọn, ìdílé kan pe awọnlẹ̀. Awọnlẹ̀ gé ilẹ̀ wọn sí pulọ́ọ̀tì, 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100, ó fa ọ̀nà kan sáàárín, ọ̀nà náà sì dúró níbi tí pèrègún wà, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ẹni tó gbéṣẹ́ fún un mọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, tàbí mẹ́wàá, ìdílé kejì pe awọnlẹ̀ tiwọn. Òun náà fa ọ̀nà tirẹ̀ gba ibi tí pulọ́ọ̀tì yóò fi pọ̀ jù. Ibi tí ọ̀nà àkọ́kọ́ ì bá gbà wọlé, pulọ́ọ̀tì ló fi síbẹ̀. Kò sẹ́ni tí í sanwó fún ọ̀nà. Pulọ́ọ̀tì ni wọ́n ń rà. Ẹni tó ra pulọ́ọ̀tì yẹn mọ ọgbà yí i ká, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Láti ẹ̀yìn irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ni ẹ ti ń gbọ́ aago ilé ẹ̀kọ́ yín.

Ọwọ́ èmi náà wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1989, fáìlì ilẹ̀ ìdílé kan dé orí tábìlì mi. Mo rí i pé ọ̀nà wọn kú sójú ààlà, mo fi báírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kó kọjá sí ilẹ̀ kejì. Bàbá àgbà kan tó dé fìlà abetí-ajá wá bá mi lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, “Ìyàwó wa, ta ló wà lọ́hùn-ún? Igbó ni. Ṣé ọ̀kẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ ká la ọ̀nà fún?” Ó ní owó pulọ́ọ̀tì tí mo fẹ́ kí wọ́n sọ di ọ̀nà yẹn ni wọ́n fẹ́ fi sìnkú ìyá wọn. Ọ̀gá mi ní kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo bu ọwọ́ lù ú.

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni igbó yẹn fi wà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ilé dé. Mo padà síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo rìn dé ibi tí ọ̀nà parí sí. Ògiri búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀, àfọ́kù ìgò tò sórí rẹ̀, ewúrẹ́ méjì sùn sábẹ́ ibòji rẹ̀. Ìdí pèrègún kan ṣì ń rú ewé lẹ́sẹ̀ ògiri. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lódì kejì, wọ́n ń pariwo orúkọ ara wọn. Mo bi obìnrin tó ń ta gáàrì nítòsí pé báwo lòun ṣe ń dé ọ̀hún. Ó ní òun á jáde dé títì, òun á wọ ọkọ̀, òun á sọ̀ ní oríta kejì, òun á tún wọlé padà. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé bí Ọlọ́run ṣe dá ayé nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nìyí, òun náà ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka abala yìí mọ̀. Ilé á wó, wọ́n á tún un kọ́. Wọ́n á tà á, wọ́n á sọ ilé alámọ̀ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀nà kì í rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti là á sí, ibẹ̀ ló máa wà. Ibi tí wọ́n bá sì kọ̀ láti là á, kò ní sí níbẹ̀ títí ayé. Ẹ wo Odi Ìbíkúnlé tí wọ́n mọ yí Ìbàdàn ká ní nǹkan bí ọdún 1858. Odi ti wó, ojú rẹ̀ ti parẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Àmọ́ ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń tọ̀ jáde nígbà náà lọ sí Abẹ́òkúta, Ìwó, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú, òun náà la ṣì ń wa mọ́tò lórí rẹ̀ lónìí.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé etí ìlú ni ìlú ti ń dàgbà báyìí, àárín rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kún sí i. Nínú ètò ìkànìyàn 1991, ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún tó wà láàárín Ìbàdàn ní èèyàn bíi mílíọ̀nù 1.2, nígbà tó fi máa di 2006, wọn kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.3 lọ. Mẹ́fà tó yí wọn ká ní tiwọn kúrò ní nǹkan bí 600,000, wọ́n di mílíọ̀nù 1.2 láàárín ọdún 15 péré. Ìlọ́po méjì! Gbogbo àwọn èèyàn yẹn, orí ilẹ̀ tí wọ́n gé ní ìdílé-ìdílé ni wọ́n kọ́lé sí.

Ní tiyín, Olùkọ́, ẹ má wá ọ̀nà mọ́tò. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tó ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ wá pulọ́ọ̀tì kan lójú ààlà yẹn tí wọn kò tíì kọ́lé sí, ẹ wá olówó rẹ̀ kàn, kí àwọn òbí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín dá owó jọ, kí ẹ ra etí rẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ àdúgbò kan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí owó tí wọ́n ń ná sórí ọ̀kadà ni wọ́n ti rí i. Kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n yọ ọ́ sínú ìwé sọ́fè, kí ọmọ ẹni tó tà á má baà mọ ògiri dí i lẹ́yìn ọ̀la.

*Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú àkókò yìí. Èmi ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa lápá Àpáta. Ọ̀nà márùn-ún ló wọlé sí wa. Olè kò jẹ́ ká sùn. Ìpàdé ti fẹnu kò pé ká mọ ògiri dí mẹ́ta, ká máa ti géètì ìkẹrin láti aago mẹ́wàá alẹ́, kó ku ẹyọ kan tí a ó máa ṣọ́. Ìyàwó mi ló ní kí n kọ́kọ́ bi yín. Alága, Àpáta.*

Alága, ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má mọ ògiri kankan.

Mo mọ ohun tí olè ń ṣe. Wọ́n ti wọlé tọ̀ mí rí, ní 1996, mo ṣì rántí òórùn tọ́ọ̀ṣì epo tí ọ̀kan nínú wọn gbé dání. Ẹ̀rù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ọgbọ́n lé lọ. Géètì kò burú. Ògiri ni mo kọ̀, nítorí pé ẹ lè ṣí géètì lóru tí ilé ń jó, ẹ kò sì lè ṣí ògiri.

Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ fún yín nínú lẹ́tà mìíràn tó dé lọ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú tiyín. Ìyá kan ló kọ ọ́, kò sì fẹ́ kí n dárúkọ àdúgbò rẹ̀: “Aago méjì òru ni ìrọbí mú ìyàwó ọmọ mi. Géètì àkọ́kọ́, wọ́n ti tì í pa, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ sóde òkú ní Ìṣẹ́yìn. A yí padà. Èkejì, a fi fèrè mọ́tò jí wọn, wọ́n rò pé olè ni, wọ́n ń fẹ́ súfèé. Ẹ̀kẹta ni a gbà jáde. Inú mọ́tò ló bí i sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, èmi ni mo fi ìró mi gba ọmọ. Ọmọ wà láàyè, ìyá rẹ̀ wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Mi ò tíì lè kọjá níbi géètì yẹn kí ara mi má gbọ̀n.”

Wọ́n ní géètì mẹ́ta, ìyẹn ni wọ́n fi rí ẹ̀kẹta gbà. Àdúgbò tiyín, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ fẹ́ kó kù.

Ẹ tún rò ó láàárọ̀. Bí mọ́tò 200 bá ń jáde ní àdúgbò yín kí aago méje tó lù, ọ̀nà márùn-ún á pín in, ogójì-ogójì. Bó bá ku ọ̀kan, gbogbo 200 náà ló máa tú sí oríta kan ṣoṣo, ọlọ́kadà á dúró síbẹ̀, oníbúrẹ́dì á dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé á máa há sáàárín wọn. Mọ́tò panápaná gùn, kò rọrùn fún un láti yí padà níbi tí ọ̀nà ti kú. Bó bá ṣìnà wọ ibẹ̀, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló máa fi jáde nígbà tí iná ń jó. Bẹ́ẹ̀ olè tó fò ọgbà wọlé kò nílò ọ̀nà yín rárá.

Ohun tí mo máa ṣe bó bá jẹ́ èmi: géètì sí ojú márààrún, ilẹ̀kùn kékeré lára ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà, ọdẹ tó ń sùn síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ wà lára géètì ní lẹ́tà gàdàgbà. Owó ọdẹ márùn-ún pọ̀ ju ti ọ̀kan lọ, mo mọ̀. Ẹ wo ohun tí búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ògiri mẹ́ta máa ná yín, ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí èèyàn ń kọjá lórí rẹ̀, ojú ló wà lórí rẹ̀. Ìyá tó ń din àkàrà ní ẹnu ọ̀nà yín ṣọ́ àdúgbò ju ògiri lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dí ọ̀nà, kò ní rí oníbàárà, á kó lọ.

*Mọ̀mí, Apẹ̀tẹ̀ ni mò ń gbé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sọ pé ká tún máa bẹ̀bẹ̀ fún afárá mìíràn, èmi ní àsọdùn ni, wọ́n kúkú ti tún èyí tó wó ṣe. Ta ló jàre? Akẹ́kọ̀ọ́, Apẹ̀tẹ̀.*

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ló jàre, ọmọ mi. Bóyá o ṣì kéré ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ, 2011. Òjò rọ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan péré lálẹ́ ọjọ́ náà, ó pa èèyàn tó lé ní 100 ní Ìbàdàn, ó sì gbé afárá lọ káàkiri. Afárá Apẹ̀tẹ̀ wà nínú wọn. Ẹni tó ń rí ògiri Pólì Ìbàdàn lókèèrè láti ojú fèrèsé rẹ̀ wá di ẹni tó ń yí ìlú po kó tó dé kíláàsì. Ọjà wọ́n, nítorí pé mọ́tò tó ń kó o wá ń jó epo lójú ọ̀nà gígùn. Kì í ṣe pé afárá náà burú ju àwọn tó kù lọ. Òun nìkan ni wọ́n ní, èèyàn sì ti pọ̀ lódì kejì kí ẹnikẹ́ni tó ronú sí i.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn baba wa ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Lẹ́kkí ní Èkó: ẹ́sítéètì lórí ẹ́sítéètì, títì kan náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń tú mọ́tò sí. Nígbà tí wọ́n ṣí afárá tó so ó mọ́ Ìkòyí ní 2013, afárá tí kò gùn tó kìlómítà kan àbọ̀, àwọn tó ń lo wákàtí lójú títì rí ibòmíràn gbà. Ẹ máa bẹ̀bẹ̀ lọ.

*Ẹ kú ilé o, Mọ̀mí. Houston ni èmi àti ọkọ mi ń gbé láti 2008. Ilé wa wà ní òpin ọ̀nà róbótó tí kò já. Ọgbà onípákó ló wà láàárín àwa àti ilé ìtajà. Mò ń rí iná pátákó wọn láti yàrá mi. Mọ́tò la fi ń lọ ra mílíìkì. Èmi rò pé wàhálà ọmọ onílẹ̀ ló ń fa ìwọ̀nyí nílé. Àwọn tibí mà ní ètò! Ìyá Bọ̀dá, Houston.*

Ìyá Bọ̀dá, ètò ni wọ́n fi ṣe tiyín bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló ṣe dùn mí jù. Láti bíi 1920 lọ ni ọ̀nà tí kò já ti ń gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó di ẹ̀wádún 1930, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe onídùúró fún ẹni tó fẹ́ yáwó kọ́lé, Federal Housing Administration, ń gba àwọn akọ́lé níyànjú pé kí wọ́n máa lo irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí mọ́tò àjèjì má baà máa gba iwájú ilé kọjá. Ohun tó sì wu ẹni tó ní owó lọ́wọ́ ni akọ́lé ń yà.

Ọ̀mọ̀wé méjì, Christopher Barrington-Leigh ní Kánádà àti Adam Millard-Ball ní California, ka gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bí wọ́n ṣe kà á máa yé Yorùbá kíákíá, nítorí pé oríta ni wọ́n kà. Ibi tí ọ̀nà bá kú sí, 1. Oríta mẹ́ta, 3. Oríta mẹ́rin, 4. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì fi iye ibi tí wọ́n kà pín in. Bí àbájáde rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni ọ̀nà ibẹ̀ ṣe dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó. Nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, wọ́n rí i pé nǹkan bí ọdún 1994 ni àwọn ọ̀nà tuntun Amẹ́ríkà burú jù, wọ́n sì ti ń já díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà. Ìpínlẹ̀ Virginia tilẹ̀ ṣe òfin ní 2009 pé bí ẹ́sítéètì tuntun bá fẹ́ kí ìjọba máa tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe, ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ já sí ti aládùúgbò. Òfin yẹn wù mí púpọ̀. Kò na ẹnikẹ́ni ní pàṣán. Ó kàn ní ọ̀nà tí kò bá wúlò fún ẹlòmíràn, kí ẹni tó là á máa fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe.

Ní 2020, àwọn méjèèjì gbé iṣẹ́ náà ká gbogbo ayé. Láti 1975, ní ibi púpọ̀ láyé, ọ̀nà tuntun kò so kọ́ra mọ́ bíi ti àtijọ́. Àwọn ẹ́sítéètì ológeetì ń pọ̀ ní gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà. Ní Ajẹntínà, Bòlífíà àti Pẹrú, ọ̀nà ṣì ń já, nítorí pé oníkọ̀rọ̀ mẹ́rin ni àwọn ará Sípéènì ti pín ìlú níbẹ̀ láti ayébáyé, ìlú tuntun sì ń tọ ipa ti àtijọ́. Ẹ rí i, ohun tí mò ń sọ fún Olùkọ́ náà nìyẹn: ẹni tó kọ́kọ́ là á ló là á fún àwọn tí ń bọ̀.

Ní ti ọgbà onípákó yín, pákó ṣì ni. Ẹ bá àwọn onílé tó yí yín ká sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gé ilẹ̀kùn kan sí i.

*Mọ̀mí, ọmọ Fọ́kọ́ ni mí. Bí mo bá sọ ibi tí mo ti wá níbi iṣẹ́, wọ́n á ní àdúgbò wa kò létò, kí ìjọba fi katakata wó o kí wọ́n tún un là. Ó máa ń dùn mí. Ṣé òótọ́ ni? Ọmọ Fọ́kọ́.*

Rárá o. Ní àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ gbé mi rìn láti Bẹẹrẹ dé Ọjẹ́, àdúgbò àtijọ́ bíi tìrẹ, mo mú máàpù dání, mo sì kó o sápò kí n tó rìn jìnnà, nítorí ọ̀nà tí mò ń tọ̀ kò sí lórí rẹ̀. Àgbàlá ni mò ń gbà kọjá. O bọ́ sínú agbo ilé kan, o ní “Ẹ kúulé o,” ẹni tó ń gún iyán dáhùn láìgbójú sókè, o yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwẹ̀, o bọ́ sí agbo ilé mìíràn, ìyá àgbà kan bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, o sọ fún un, ó ní máa kọjá, kí o kí wọn lọ́hùn-ún. Ẹnikẹ́ni kò dá mi padà. Níbi tí mo bá ti dúró, ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni mo lè tọ̀. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyẹn bá ka ti ẹlẹ́sẹ̀ níbẹ̀, Fọ́kọ́ á yọrí ju ọ̀pọ̀ ẹ́sítéètì olówó lọ.

Òótọ́ kan wà tí n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Mọ́tò kò wọ ibẹ̀. Bí iná bá sọ, bí àìsàn ẹnì kan bá le, ejìká ni wọ́n á fi gbé e jáde. Ọ̀nà díẹ̀ yẹ kó fẹ̀, gọ́tà yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀? Wọ́n dán an wò ní Èkó láti 1955, nígbà tí àjọ ìjọba kan, Lagos Executive Development Board, ń wó àárín ìlú, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn lọ sí Surulere. Ọ̀nà Surulere tẹ́jú lóòótọ́. Àwọn ìyá tó ń tajà ní iwájú ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó wá rí i pé oníbàárà kò bá wọn dé ọ̀hún, ẹbí tó ń gbé ojú kan náà sì fọ́n káàkiri.

Bí wọ́n bá tún bú Fọ́kọ́ níbi iṣẹ́, bi wọ́n pé ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi ń rìn dé ilé tó wà lẹ́yìn tiwọn.

*Ẹ kú iṣẹ́, Mọ̀mí. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ ra pulọ́ọ̀tì kan lápá Mọníyà, kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀. Kí ni ká wò kí á tó sanwó? Ọkọ Ìyàwó.*

Inú mi dùn pé ẹ bèèrè nígbà tí igbó ṣì wà. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbéra ní Mọníyà lọ sí Èkó ni ilẹ̀ apá ibẹ̀ ti ń lọ bíi búrẹ́dì gbígbóná, ìkánjú sì wà lójú ẹni tó ń tà.

Gbogbo èèyàn máa sọ fún yín pé kí ẹ wo ìwé ilẹ̀, kí ẹ wo bóyá omi ń dúró síbẹ̀. Ẹ wò ó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin méjèèjì fi ẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà inú ilẹ̀ yẹn dé òpin, kí ẹ sì bi ẹni tó mú yín lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, “Ṣé ó já?” Bó bá ní yóò já, ẹ ní kó fi han yín lórí ìwé. UN-Habitat, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìlú, dábàá pé kí ìdá 30 nínú 100 ilẹ̀ jẹ́ ti ọ̀nà, kí oríta sì tó 80 sí 100 nínú kìlómítà kan níbùú lóòró. Ẹ kò lè ka ìyẹn nínú igbó. Àmọ́ ẹ lè wo ìwé sọ́fè kí ẹ rí i bóyá oríta wà nínú rẹ̀ rárá, àbí ọ̀nà kan ló gùn gbọọrọ tí pulọ́ọ̀tì tò tì í lọ́tùn-ún lósì, tí ó sì kú.

Ẹ wá bèèrè orúkọ ìdílé tó ni ilẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ lọ kí wọn, ẹ mú nǹkan díẹ̀ dání, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rí pílánù tiwọn. Bí wọn kò bá tíì ní, orí yín ṣe é: ẹ pe àwọn méjèèjì jókòó kí ẹnikẹ́ni tó ri píla mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní, ẹ tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì, ẹ fi ojú ààlà kan ojú ààlà, kí ẹ wo bóyá ọ̀nà pàdé ọ̀nà.

Bí kò bá yé yín, ẹ ya fọ́tò ìwé méjèèjì, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Mo ṣì ní awò tí mo fi ń wo máàpù, báírò pupa náà sì wà lọ́wọ́ mi.